Ẹ̀wà Kò Lè Dúró De Oòrùn

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé máa ń wá bá mi níbi iṣẹ́ ní Òkukù níbí. Wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́, wọ́n á ní, "Bọ̀dá Ṣẹ́gun, èwo ni ká kọ́ nínú iṣẹ́ ẹ́ńjìnì àti iṣẹ́ sólà? Wọ́n ní epo ò ní pẹ́ kúrò nílẹ̀, wọ́n ní oòrùn ló kù." Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa fi dá wọn lóhùn. Tí mo bá ní kí wọ́n jókòó, wọn kì í fẹ́ jókòó. Èmi náà kì í fẹ́ jókòó nígbà tí mo wà bíi tiwọn, kódà títí di òní, ara mi kì í balẹ̀ lójú kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí kò bá lè jókòó lè kà á lórí ìrìn.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin ń kọ ìtàn ìfẹ̀yìntì. Òótọ́ ni pé n kò tíì ní ewú lórí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́, tí mo fi jẹun, tí wọ́n fi mọ̀ mí láti Ìkìrun dé Igbáyè, mo ti gbé e sílẹ̀. Sípánà mi wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìfẹ̀yìntì, ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn fún un.

Ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ ìlọta ni mo kọ́. Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń fà lókùn o. Ẹ́ńjìnì ńlá tó ń mu dísẹ̀lì ni mò ń wí, èyí tí àgbá irin ràbàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin yí kó tó jí, tí ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ túkú-túkú-túkú láti àdúgbò kejì. Bẹ́líìtì gígùn kan ló so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan. Dírọ́ọ̀mù omi máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, omi á máa gba inú páìpù lọ tu ẹ́ńjìnì lára, á sì padà gbóná wá sínú dírọ́ọ̀mù. Àwọn ìyá fẹ́ràn omi yẹn. Wọ́n á bù ú fọ abọ́ ata, wọ́n á bù ú ṣan ọmọ lẹ́sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ rántí omi yẹn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti kúrò ní ilé ìwé, ibẹ̀ ni agbára ìyá mi mọ. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Jímọ̀ ní Ìkìrun, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin rélùwéè. Ọkùnrin kúkúrú ni, etí kan ṣoṣo ló sì ń gbọ́. Ariwo ẹ́ńjìnì ti pa èkejì. Ó máa ń ní, "Etí tó kú, ti ìyàwó mi ni. Èyí tó kù, ti ẹ́ńjìnì ni." Ìyàwó rẹ̀ á sì dáhùn láti inú ilé pé, "Wọ́n ti wí!" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò ní rẹ́rìn-ín.

Òfin méjì ló fi lélẹ̀ fún wa. Èkínní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tó kan epo kan ojú ẹ̀rọ, níbi tí ata àti ẹ̀wà ń gbà wọlé. Ọṣẹ la fi ń fọwọ́, a ó tún fi kànrìnkàn họ abẹ́ èékánná. "Ẹnu ènìyàn nìyẹn," Ọ̀gá á wí. "Ṣé o máa ki ọwọ́ dísẹ̀lì bọ ẹnu ìyá rẹ?" Èkejì ni èyí tó le fún mi jù: wọ́n kò gbọdọ̀ pè ọ́ sí ilé ẹ̀rọ tuntun kí o kàn gbé sípánà jáde. O máa kọ́kọ́ jókòó. Láti ìgbà tí oníbàárà àkọ́kọ́ bá dé títí dìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá lọ, o máa jókòó, o máa wò.

Mo kórìíra òfin yẹn. Ọjọ́ tí mo máa kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, Èkó-Ẹńdẹ la lọ. Ẹ́ńjìnì kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á sì kú. Àwọn mẹ́káníìkì mìíràn ti tú u palẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀gá fa àpótí kan sábẹ́ igi, ó jókòó. Èmi ń lọ, mò ń bọ̀.

"Ọ̀gá, nọ́sù tó ń fọ́n dísẹ̀lì ni. Ẹ jẹ́ kí n kàn tú nọ́sù rẹ̀ wò."

"Jókòó."

"Ọ̀gá, àbí ríǹgì inú ẹ́ńjìnì ti jẹ ni?"

"Ṣẹ́gun, ìdí rẹ ni mo ní kó kanlẹ̀, kì í ṣe ẹnu rẹ."

Mo jókòó. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, mo rí i pé gbogbo ìyá tó bá ti lọ nǹkan tirẹ̀ tán ló ń bu omi gbígbóná nínú dírọ́ọ̀mù. Wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ gbé garawa wá láti ilé. Tó bá fi máa di ọ̀sán, omi á ti relẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ, kò ní sí ohun tó máa tu ẹ́ńjìnì lára mọ́. Ọ̀gá dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí onílé ẹ̀rọ ra dírọ́ọ̀mù mìíràn fún àwọn tó fẹ́ fọ ẹsẹ̀. Kò fi sípánà kan ohunkóhun. Títí a fi délé, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti gbọ́ ohun tó ní kí n gbọ́.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán tí mo gba fíríìdọ̀mù, mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Inísà. Iṣẹ́ wà nígbà náà. Ọ̀kadà mi kì í tutù. Tí mo bá kúrò ní Òkukù, Igbáyè ń pè. Tí mo bá dé Igbáyè, Ìkìrun ń pè. Bí mo ṣe fẹ́ ayé mi gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, dísẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Lónìí ó wọ́n, lọ́la ó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń pa á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, ó sì ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí adìẹ ń sùn lórí bẹ́líìtì. Ilé ẹ̀rọ kan tó bá ti kú, oníbàárà mi kan ló dín. Ara mi kò balẹ̀. Ní gbogbo orí rédíò, wọ́n ń jiyàn bóyá sólà lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ epo. Ẹnì kan á ní ó lè ṣe é, ẹnì kejì á ní àlá ni. Mo gbéra, mo lọ kọ́ sólà lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òṣogbo. Mo mọ̀ ọ́n kíákíá, torí mo mọ bẹ́líìtì, mo mọ ohun tó ń yí.

Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá Jímọ̀, kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Oòrùn yẹn, tó bá kú, irin wo lo máa fi yí i kó jí?"

Mo ní, "Ọ̀gá, oòrùn kì í kú."

"Mo ti gbọ́," ó wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an la dé yìí. Ìyá Wúrà ló ni ilé ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà iléèwé ní Inísà. Ọkọ rẹ̀ ló fi ẹ́ńjìnì náà sílẹ̀ fún un kó tó kú, ibẹ̀ ló sì ti ń rí oúnjẹ òun àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Èmi ni mo ń tún ẹ́ńjìnì náà ṣe fún un. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ, ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì dísẹ̀lì tó ti gbẹ.

"Ṣẹ́gun ọmọ mi," ó wí, "èmi ni ẹ́ńjìnì yìí ń lọ báyìí, kì í ṣe ata mọ́. Gbogbo ohun tí mo bá pa láàárọ̀, á mu ún tán lálẹ́."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká tà á."

"Ká ta kí ni?"

"Ẹ́ńjìnì. Ká fi ra páńẹ̀lì sólà. Oòrùn ò ní fowó lé ara rẹ̀."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ pariwo. Ìyá Súlè, tó ń dín àkàrà fún àwọn ọmọ iléèwé, tó sì ti jẹ́ ọ̀rẹ́ Ìyá Wúrà láti kékeré, fọwọ́ lé ìbàdí. "Tí oòrùn ò bá yọ ńkọ́, Bọ̀dá Sólà?"

"Màmá Súlè, ìgbà wo ni oòrùn ò yọ ní Inísà rí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú mi dùn sí ara mi. Ìyá Wúrà ń wò mí bí ẹni tó ń wo dókítà. Ó ní, "Ó dáa, tí o bá ti ní ó máa ṣe é."

N kò jókòó síbẹ̀ kí n tó ṣe é. Mo sọ fún ara mi pé kí ni mo tún fẹ́ jókòó wò, ṣebí ilé ẹ̀rọ tí mo ti mọ̀ ni. Ẹ́ńjìnì ni mo mọ̀. Ọ̀sán ni wọ́n sì máa ń pè mí, nígbà tó bá ti bàjẹ́.

Alàgbà Òjó tó ní ilé ìrin ẹ̀gẹ́ ní Òkukù ló ra ẹ́ńjìnì náà. A gbé páńẹ̀lì sórí páànù, a so ó mọ́ mọ́tò iná tó ń yí bẹ́líìtì. Bátìrì tó lè gbé ẹ̀rọ ìlọta ju agbára Ìyá Wúrà lọ, nítorí náà a so ó tààrà: tí oòrùn bá yọ, ẹ̀rọ á jí fúnra rẹ̀, tí oòrùn bá wọ̀, á dákẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ tí a parí rẹ̀, ẹ̀rọ náà lọ ata kúnná bí ìpara. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Obìnrin kan ní òun ò mọ̀ pé Ìyá Wúrà ní ohùn tó dára tó bẹ́ẹ̀, torí kò gbọ́ ọ rí nínú ariwo ẹ́ńjìnì. Àwọn ọmọ nìkan ló ń wá dírọ́ọ̀mù omi gbígbóná kiri.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, àwọn ẹlẹ́wà dé.

Bóyá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú ńlá kò mọ bó ṣe rí. Ilé ẹ̀rọ tó ní ojú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ̀wà àti ògì ló máa ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Tí ata bá ti kọjá, kò sí bí wọ́n ṣe lè fọ̀ ọ́ tí ẹ̀wà ẹni tó tẹ̀lé e kò ní pọ́n, tí kò sì ní ta. Nítorí náà àwọn alákàrà, ọlọ́mọ́ínmọ́ín àti ológì máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ́ńjìnì á ti máa dún. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tán, wọ́n ti lọ dáná, àwọn aláta á sì gba ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí kí wọ́n tó bí mi. Èmi tí mo pe ara mi ní oníṣẹ́ ẹ̀rọ kò rò ó wò lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n dúró. Wọ́n gbé abọ́ lórí, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí oòrùn tó lágbára tó láti yí bẹ́líìtì, àwọn aláta náà ti dé. Nígbà tí wọ́n lọ ẹ̀wà Ìyá Súlè tán, ó wo inú abọ́, ó rí i pé ó ti pọ́n.

"Ta ló lọ ata ṣáájú mi?"

Ìyàwó kékeré kan dáhùn pé, "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ jí."

"Nígbà tí ẹ̀rọ jí? Ẹ̀rọ náà ń sùn ni?"

"Ó ń sùn o," ẹlòmíràn dáhùn. "Látìgbà tí Ṣẹ́gun ti sọ ọ́ di ọmọ oòrùn, kì í tètè jí mọ́."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi parí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé ti kọjá lọ kí àkàrà Ìyá Súlè tó jinná, èyí tó sì dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ, pípọ́n ló pọ́n. Ìyá Wúrà ṣe òfin pé kí àwọn aláta dúró títí ẹ̀wà á fi tán. Àwọn aláta bínú, wọ́n gba ilé ẹ̀rọ ẹ̀bá ọjà lọ. Àwọn ológì tẹ̀lé wọn. Mo ń sáré lọ Òṣogbo, mò ń sáré bọ̀, mo yí páńẹ̀lì kọjú sí ìlà-oòrùn, mo tún yí i padà. Kò sí èyí tó mú kí oòrùn tètè yọ.

Ìgbà òjò wá dé. Àwọn ìyá ìjọ kan fẹ́ ṣe ìpàdé, wọ́n sì ní kí Ìyá Súlè bá àwọn dín àkàrà fún àlejò. Iṣẹ́ ńlá ni, kò tíì gba irú rẹ̀ rí. Ó bó ẹ̀wà, ó rẹ ẹ́, ó gbé e wá láàárọ̀. Ojú ọ̀run dúdú, òjò kò rọ̀, oòrùn kò sì là.

Ó ní, "Ṣé kí n gbé e lọ sẹ́bàá ọjà?"

Èmi ni Ìyá Wúrà ń wò. Ó ti mọ̀ pé tí Ìyá Súlè bá fi lè lọ, kò sí ẹlẹ́wà tó máa kù.

Mo ní, "Ẹ dúró díẹ̀, mà. Ó máa yọ láìpẹ́."

Mo gun orí páànù lọ, mò ń nu páńẹ̀lì tí kò ní eruku. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jáde, mo wo òkè, mo wọlé. "Ó máa yọ láìpẹ́, mà." N kò mọ iye ìgbà tí mo sọ ọ́. Nígbà tó wá gbé e lọ sẹ́bàá ọjà nígbẹ̀yìn, ata ti kún ojú ẹ̀rọ wọn, wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ó gbé e padà wá. Ó ti ń hó fòfò lójú abọ́. Obìnrin kan wá láti ilé ìjọsìn, ó yọjú, ó rọra ní, "Ìyá Súlè, ẹ má ṣèyọnu mọ́. Wọ́n ti fún àwọn àlejò ní búrẹ́dì."

Ìyá Súlè gbé abọ́ náà jáde, ó sì da ẹ̀wà náà sílẹ̀ níwájú ilé ẹ̀rọ. Funfun ni, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, adìẹ ń sáré bọ̀. Níbi tí a dúró sí yẹn ni oòrùn ti là. Bẹ́líìtì mì, ẹ̀rọ jí fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú ẹnu òfìfo.

Ìyá Súlè wò ó, ó wò mí. Ó ní, "O ṣe é, Ṣẹ́gun. Ó yọ." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Kò bú mi. Ì bá tilẹ̀ bú mi ni.

Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹlẹ́wà mọ́. Ìyá Wúrà á ṣí ilẹ̀kùn, á jókòó, á tún tì í. Mo gbé ọ̀kadà, mo lọ sí Ìkìrun. Ọ̀gá Jímọ̀ ń jẹun lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. "O jókòó?"

"Rárá, sà."

Ó fọwọ́, ó dé fìlà, ó ní kí n gbé òun lọ sí Inísà.

Ilé Ìyá Wúrà ló sùn sí. Ní ìdájí, ó ti fa àpótí síwájú ilé ẹ̀rọ. Ó wo àwọn ẹlẹ́wà tó ń gbé abọ́ kọjá lọ sí ẹ̀bá ọjà, ó ń kí wọn, wọ́n ń dá a lóhùn. Ó wo ìgbà tí bẹ́líìtì máa jí. Ó wo ìgbà tó máa sùn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó ní kí n gbé òun lọ sí ibi tí ẹ́ńjìnì wà ní Òkukù. Ó jókòó síbẹ̀ náà, èmi náà jókòó tì í.

Ẹ́ńjìnì náà dákẹ́ láàárọ̀. Àwọn obìnrin wà lábẹ́ igi, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Oòrùn ti ga kí wọ́n tó gbé ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ wá sídìí ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú wọn tó rẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí tòun di ọ̀la, ó rì í sínú omi, ó lọ sílé. Ọ̀gá fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, sà." Òótọ́ ni, mo rí i. Ẹ̀gẹ́ lè dúró.

A lọ bá Alàgbà Òjó. Ọ̀gá ní kó dá ẹ́ńjìnì padà sí Inísà, kó gba páńẹ̀lì àti mọ́tò iná dípò rẹ̀. Alàgbà wò wá bí ẹni tó ń wo gbájú-ẹ̀.

"Ẹ fẹ́ gba ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kẹ́ ẹ fún mi ní ohun tó lé èrò lọ ní Inísà?"

"Ṣé dísẹ̀lì kì í dùn yín ni, Alàgbà?" Ọ̀gá bi í.

"Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ń dáhùn tí mo bá pè é." Ó yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ lo so ó?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Mo gbà á, ṣùgbọ́n ìwọ náà máa tẹ̀lé e wá. Kó o wà níbí, kó o máa ṣiṣẹ́ níbí. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá kọ̀, mo fẹ́ rí ojú ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀."

Mo wo Ọ̀gá. Mo fẹ́ kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní orúkọ, èmi tí n kì í gbé ojú kan. Ọ̀gá Jímọ̀ rọra yí orí, ó kọ etí tó ti kú sí mi, ó ń wo ìta. Ó di tèmi nìkan.

Mo rántí bí ẹ̀wà ṣe ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Mo ní, "Mo gbà, sà."

Ráṣídì tí a jọ kọ́ṣẹ́ ló gba sípánà mi àti ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnì Ìyá Wúrà báyìí. Ìyá Wúrà ṣì ń ráhùn pé dísẹ̀lì wọ́n, òótọ́ ló sì ń sọ. Ìdájí nìkan ló ń tan ẹ́ńjìnì, tí ẹ̀wà, ògì àti ata àárọ̀ bá ti tán, á pa á. Kò rí jẹ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Níbí ní Òkukù, Alàgbà kò ra dísẹ̀lì mọ́. Tí ojú ọ̀run bá dúdú, àwọn obìnrin á máa pè mí láti abẹ́ igi: "Bọ̀dá Sólà! Ìyàwó ẹ ò tíì jí?" Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè ní ìyàwó mi. Mo máa ń ní kí wọ́n má bínú, ó rọbí mọ́jú ni. Wọ́n á ri ẹ̀gẹ́ sínú omi, wọ́n á lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí inú ń bí wọn lóòótọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Alàgbà náà sì máa ń wá wo ojú mi bó ṣe ṣèlérí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá oòrùn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ epo, ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń dá yín lóhùn, mo sì tún fi ẹ̀wà dá yín lóhùn. Èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì lẹ máa kọ́, n kò mọ̀. Ẹ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti máa lò ó ná.

Ní ti èmi, ara mi kò balẹ̀ síbẹ̀. Látìgbà ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wà, ó ti mọ́ mi lára láti máa jí ní ìdájí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí mo lè ṣe ní Òkukù ní ìdájí. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ìlà-oòrùn. Èmi tí mo ní kí àwọn ẹlòmíràn dúró dè é, èmi ló ń dúró dè é báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́kadà kan dúró níwájú mi ní irú àkókò yẹn. Ó na ọ̀rá kan sí mi. "Ẹ wo nǹkan tí wọ́n ní kí n fún yín láti Inísà."

"Ta ló fún ọ?"

"Ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ. Wọ́n ní kẹ́ ẹ tètè jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Mo tú ọ̀rá náà. Àkàrà ni, ó ṣì ń jó mi lọ́wọ́. Mo bù ú sí méjì, mo wo inú rẹ̀. Funfun ni, kò sí ata ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Oòrùn kò tíì yọ.